Onídùúró Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Ẹni Ìkẹyìn Tí Yóò Gbọ́

Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìlú-Àbò lónìí, ìgbà méjì péré ló sábà máa ń gbúròó gbèsè ọ̀hún. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tó mú fọ́tò páásípọ́ọ̀tù méjì àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wá. Ìgbà kejì ni ọjọ́ tí wọ́n wá ká a mọ́lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, kò sẹ́ni tó sọ fún un: pé wọ́n ti fi owó mìíràn kún owó àkọ́kọ́, pé wọ́n ti sún ọjọ́ sísan síwájú, pé ẹni tó yáwó kò yọjú sí ìpàdé mọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ènìyàn lè máa bínú sí èlé, ó sì lè máa bínú sí onígbèsè tó sá lọ. Ní tiwa, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an la kà sí ìrẹ́jẹ, a sì gbà pé ó tó àkókò kí òfin fòpin sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣòwò ńlá nìkan. Láti Ìlú-Àbò dé Ògbẹ̀sè, láti Ọjà Ọba Àkúrẹ́ dé ìlú Oǹdó, ìdúró ni ògiri tí káràkátà fẹ̀yìn tì. Àgbẹ̀ kòkó tí kò ní ìwé ilẹ̀ kankan tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ni yóò fi dógò ní báńkì? Ènìyàn ni. Ìyálọ́jà tó fẹ́ gba owó gbọ́mú-lé-láńtà kó lè fi ra ọjà kún ọjà, ènìyàn náà ni yóò mú lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàka láràárọ̀, owó oṣù rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ẹbí ń wá bá: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró, oṣù mẹ́fà péré ni.” Ta ni yóò la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kó sọ fún àbúrò ìyá rẹ̀ pé rárá? Nígbà tí kòkó gòkè kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé ní 2024, ó rọrùn láti yáwó lé ìkórè tó ń bọ̀ lórí, ó sì rọrùn láti dúró fún ẹni tó fẹ́ yá a. Ní 2025, owó kòkó já wálẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé gbèsè kò bá a já wálẹ̀.

Ẹjọ́ àgùntàn kan wà tó yẹ kí gbogbo onídùúró mọ̀. Ẹjọ́ Holme àti Brunskill ni wọ́n ń pè é. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a ní 1878. Holme gbé oko orí òkè kan fún ayáko, ó sì kó agbo àgùntàn 700 lé e lọ́wọ́. Brunskill dúró fún ayáko yìí pé lọ́jọ́ tó bá ń kúrò níbẹ̀, àgùntàn yóò pé, ara wọn yóò sì dá ṣáṣá. Nígbà tó yá, onílẹ̀ àti ayáko sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Ayáko dá pápá kan tí wọ́n ń pè ní Bog Field padà, onílẹ̀ náà bu £10 kúrò nínú owó oko. Kò sẹ́ni tó ta Brunskill lólobó. Nígbà tí ilé tú, àgùntàn kò pé, èyí tó kù kò sì níyì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ onídùúró ni onílẹ̀ gbà lọ tààrà.

Àwọn ará ìlú tí wọ́n kó jọ láti bá ilé-ẹjọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò sọ pé pápá kan ṣoṣo kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta, Cotton àti Thesiger, kò bá ibẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí kò bá hàn gbangba pé àyípadà náà kò lè pa onídùúró lára rárá, onídùúró fúnra rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá òun ṣì fẹ́ dúró. Ilé-ẹjọ́ kò ní bá a sọ ọ́, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ayánilówó. Brett, tó jẹ́ ẹnì kẹta wọn, kò gbà. Ìdájọ́ àwọn méjì ló fìdí múlẹ̀, Brunskill sì bọ́. Pápá kan àti £10 péré ni o! Ẹ wá fi wé ti ayánilówó òde òní tó lè sọ gbèsè di ìlọ́po méjì láìfi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ẹni tó fi orí ara rẹ̀ dúró.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1879, Adájọ́ Bowen ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Coulthart àti Clementson, tó kan àwa Yorùbá lára ju bí a ṣe rò lọ. Ẹnì kan ti dúró ní báńkì fún ẹlòmíràn, irú ìdúró tó ń bá a lọ láìdáwọ́ dúró, tí owó tí báńkì bá yá onítọ̀hún lónìí àti lọ́la ń wọ abẹ́ rẹ̀. Onídùúró kú, ó fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Báńkì mọ̀ pé ó ti kú. Ó mọ̀ pé ìwé ìhágún wà. Síbẹ̀ ó ń yáwó síta lọ, nígbà tó sì di wàhálà, ó yíjú sí àwọn alámòójútó ogún. Bowen ní ẹni tó mọ̀ pé onídùúró ti kú, tó tún mọ̀ pé ìwé ìhágún ti wà lórí dúkìá rẹ̀, ti gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́. Ìyẹn tó ìwífún pé ìdúró ti parí. Èyí tó ti wà nílẹ̀ kí ìròyìn tó dé wà lọ́rùn ogún. Èyí tí báńkì yá jáde lẹ́yìn ìròyìn, kó gbé e rù fúnra rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ẹjọ́ Bradbury àti Morgan, ní 1862. Níbẹ̀, àwọn oníṣòwò ń tajà láwìn lọ fún ẹni tí onídùúró rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ pé ó kú. Ilé-ẹjọ́ ní kí ogún san án. Ikú wà nínú ẹjọ́ méjèèjì, ìròyìn ikú ni kò sí nínú ọ̀kan. Ìwífún ló ń pín ẹ̀bi níbẹ̀, ó sì ń gé lọ́tùn-ún lósì: onídùúró tó fẹ́ yẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ, ayánilówó tó fẹ́ yí nǹkan padà gbọ́dọ̀ sọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé kí ló kan ará Ìlú-Àbò nínú àgùntàn òyìnbó, ìdáhùn kò jìnnà. Láti 1863 tí ìjọba amúnisìn ti dá Supreme Court sílẹ̀ ní Èkó ni òfin àdéhùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wọlé tọ̀ wá, àwọn adájọ́ wa sì ń gbé ìdájọ́ lé e lórí títí di òní. Tiwa ni, a fẹ́ a kọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn báńkì náà ka ẹjọ́ wọ̀nyí, wọ́n sì wá ihò gbà jáde. Ní 1895, Adájọ́ Romer dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Silvester, ó ní bí ìwé ìdúró bá ti là á sílẹ̀ bí onídùúró tàbí àwọn alámòójútó ogún rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fi ìwífún ránṣẹ́, gbígbọ́ tí báńkì gbọ́ pé ó kú kò tó. Ohun tí ìwé bá sọ labẹ gé. Láti ìgbà náà ni ìwé ti ń sọ púpọ̀ sí i. Ẹ gba fọ́ọ̀mù onídùúró kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì, ẹ jókòó, ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé onídùúró kò ní bọ́ bí wọ́n bá tilẹ̀ fún onígbèsè láàyè, bí wọ́n bá tilẹ̀ yí àdéhùn padà. Pé wọn yóò kà á sí onígbèsè gan-an. Pé ìdúró rẹ̀ kò ní parí títí báńkì yóò fi sọ pé ó parí. Gbogbo ohun tí Brunskill fi bọ́, ẹni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti fi tọrẹ kí owó tó jáde.

Ní 2010, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní orílẹ̀-èdè yìí tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ tó kan báńkì UBA pé ayánilówó lè pe onídùúró lẹ́jọ́ láìkọ́kọ́ pe ẹni tó yáwó. A kò bá a jà. Ìtumọ̀ ìdúró náà nìyẹn. Bí olówó bá gbọ́dọ̀ lé onígbèsè dé Sókótó kó tó padà wá bá onídùúró, kò sẹ́ni tí yóò yá tálákà lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lè kọ́kọ́ mú ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é. Kí la ó wá pe gbèsè tí wọ́n ṣírò lé ènìyàn lórí lẹ́yìn rẹ̀?

Àwọn baba wa kò mọ lẹ́tà wínníwínní. Nígbà tí wọ́n bá ń ka owó ẹyọ, onígbọ̀wọ́ wà ní ìjókòó, àwọn àgbà agbo ilé wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọmọ tàbí àbúrò ṣe ìwọ̀fà, gbogbo àdúgbò ló ń rí i bó ṣe ń lọ sóko olówó. Bí gbèsè bá wá pẹ́ jù, olówó á rán ológò lọ. Samuel Johnson ṣàlàyé iṣẹ́ wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: ológò yóò wọ agbo ilé onígbèsè, yóò fìdí kalẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìyẹ ilé jẹ, gbogbo ilé kò sì ní fojú kan oorun títí wọn yóò fi wá nǹkan ṣe sí i. Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ìlú náà kì í rán àtẹ̀jíṣẹ́. Òṣó ló máa ń ló síwájú ilé rẹ, kí ìyàwó rẹ àti àna rẹ lè rí i.

A kò sọ pé kí ìwọ̀fà padà wá. Ìkà ni, ọmọ tí kò jẹ kọ́bọ̀ ló ń fi ìgbà èwe rẹ̀ sin olówó. Ti ológò náà kò dára. Ẹni tó ni adìyẹ lè má mọ nǹkan kan nípa gbèsè. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé lábẹ́ ètò yẹn, pẹ̀lú gbogbo ìkà inú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè di ẹni à ń dógò tì kó sọ pé òun kò gbọ́.

Ní báyìí, ariwo ológò ti wọnú fóònù, ó sì ṣi ojúlé. Àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ń kó nọ́ńbà gbogbo tó wà nínú fóònù ẹni tó yáwó, wọ́n á máa kọ̀wé sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí ẹni tó bá a ra mọ́tò ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, pé onídùúró olè ni wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà báyìí. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní 2022, ó sì tún gbé òmíràn tó le ju ti àkọ́kọ́ jáde ní 2025. Láàárín méjèèjì, Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ti wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ayé ṣe dorí kodò: ẹni tó fọwọ́ síwèé kò gbọ́ nǹkan kan, ẹni tí kò fọwọ́ sí i ni ariwo ń di létí.

Ti àgọ́ ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀. Nígbà tí owó kò bá wọlé, àwọn ayánilówó kan kì í gba ilé-ẹjọ́ lọ. Àgọ́ ni wọ́n ń gbà, onídùúró ni wọ́n sì ń ní kí wọ́n mú, nítorí pé òun ló wà nílé. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí pé ó kùnà àdéhùn tàbí torí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ọlọ́pàá tó bá gba irú iṣẹ́ yìí ti di ológò nìyẹn, aṣọ ìjọba ló kàn wọ̀ sí i.

Bí a bá ń pín ẹ̀bi, ayánilówó ni yóò gbé èyí tó tóbi jù. Òun ló kọ ìwé, òun ló ń rí àkáǹtì, òun ló mọ ọjọ́ tí onígbèsè kọ́kọ́ ṣẹ́ ìlérí. Báńkì tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa nígbà tí a bá fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ra káàdì, tó sì ń yọ ₦6 wa lórí rẹ̀ láti 2025, kò lè sọ pé ìwífún sí onídùúró ni yóò ná òun lówó. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún àwọn báńkì ní agbára láti fi BVN wá owó onígbèsè kàn nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn. Ẹ̀rọ tó lè wá owó kàn lè wá ènìyàn kàn.

Àwọn onídùúró náà kò mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wa ń fọwọ́ sí ohun tí a kò kà nítorí ojú àánú, a tún ń bínú bí wọ́n bá ní ká kà á. Ẹni tó yáwó tó wá ń pa fóònù rẹ̀ kó má baà gbọ́ ohùn ẹni tó dúró fún un, ìwà rẹ̀ burú ju ti ẹni tí kò rówó san lọ. Àìrówó san lè jẹ́ ti òjò tí kò rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òjò tó ní kó má pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí ju báńkì lọ lójú ọ̀pọ̀, kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń bu owó ìfipamọ́ onídùúró san gbèsè ẹlòmíràn, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó wá gba owó rẹ̀ ló tó mọ̀, ìwé òfin ẹgbẹ́ kò lè sọ ọ́ di ohun tó tọ́.

Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ bí a ṣe ń dúró láìfi ara dá ewu tí kò rí. Ètò ìdúró fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 1977, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ń san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá ṣẹ́kù nígbà tí báńkì bá ti rí ohun ìdógò gbà. Báńkì kò lè kàn ki ọwọ́ bọ àpò náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kó sì mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún ara rẹ̀ yìí ni a ní kó fún ìyá aláta.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí Báńkì Àpapọ̀ pa á láṣẹ fún gbogbo báńkì, àti àwọn báńkì kéékèèké tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó, pé onídùúró gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà ìwé tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà gan-an, ní èdè tó gbọ́, tí iye tí ìdúró rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá àti ọjọ́ tí yóò parí sì wà lójú ewé àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fi owó kún un tàbí kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, kí wọ́n gba ìfọwọ́sí rẹ̀ tuntun. Bí wọn kò bá gbà á, kí èyí tuntun já sí ọwọ́ báńkì. Bí ẹni tó yáwó bá kùnà sísan, kí ìwífún dé ọ̀dọ̀ onídùúró láàárín ọjọ́ méje. Èlé tó bá gorí owó nígbà tí báńkì dákẹ́, kí ó má ṣe kan onídùúró. Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àlá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ẹ̀yáwó ti 1974 ní bí ayánilówó bá fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí onígbèsè, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ onídùúró. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò lè fọwọ́ kan ìdúró náà àfi tí ilé-ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Ní Íńdíà, láti 1872 ni òfin àdéhùn wọn ti kọ ọ́ pé àyípadà tí onídùúró kò fọwọ́ sí ń tú u sílẹ̀ lórí ohun tó bá tẹ̀ lé e.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò gbọdọ̀ fi ara pamọ́ sẹ́yìn Àbújá. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ báńkì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn ayánilówó tí kì í ṣe báńkì wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Àtúnṣe kékeré sí òfin méjèèjì ti tó láti dáàbò bo onídùúró ní Ìlú-Àbò kí Àbújá tó jí. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ wa náà lè fi ìlànà ilé-ẹjọ́ pa á láṣẹ pé kò sẹ́ni tí yóò gba ìwé ìpẹ̀jọ́ lé onídùúró lórí láìfi ẹ̀rí ìwífún hàn. Èkó ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́ láti 2018 ní ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ: lẹ́tà ìbéèrè owó ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè kí wọ́n tó gba ẹjọ́ rẹ.

Kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ohun kan wà lọ́wọ́ àwa tí a ti fọwọ́ síwèé. Ní 1862, nínú ẹjọ́ Offord àti Davies, ilé-ẹjọ́ gbà pé ẹni tó dúró fún oṣù méjìlá lè kọ̀wé yẹsẹ̀ kí oṣù tó pé, lórí owó tí wọn kò tíì yá jáde. Ẹni tí ìdúró rẹ̀ ṣì ń bá a lọ lè kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lónìí, ní ìlànà tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ là sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé baba ló dúró, tí baba sì ti kú, kí àkọ́bí mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú lọ sí báńkì kí ẹbí tó jókòó lórí aṣọ tí wọn yóò rà, kó fi lẹ́tà tí òun àti àwọn tó ń bójú tó ogún fọwọ́ sí tì í, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ lórí ẹ̀dà tirẹ̀ kó tó kúrò níwájú akọ̀wé.